Yíyọ oògùn lára egbò igi, àbí fífi kẹ́míkà tò ó látìbẹ̀rẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ ṣe PhD kẹ́místrì n'Ífẹ̀ kì í yé bi mí léyìí. Ẹ jẹ́ ká fi igi asofẹ́yẹjẹ wò ó: reserpine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà nínú egbò rẹ̀, Woodward, onímọ̀ kẹ́místrì ará Amẹ́ríkà, sì ti to reserpine kan náà látìbẹ̀rẹ̀ ní 1956.

Yíyọ ò náni lówó púpọ̀: ẹ wa egbò, ẹ sá a, ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́. Títò ló ń jẹ owó. Òkè òkun ni kẹ́míkà ti ń wá, òmíràn ò gbọdọ̀ fara kan omi. Tí iná bá lọ lóru, ó tán nìyẹn. Ìgbésẹ̀ 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mú 80% wá, nǹkan bí 11% péré ló máa kù nínú ìgò.

Ewu yíyọ ni pé ẹ lè fi ọdún méjì ṣe wàhálà, kí ẹ wá rí i pé wọ́n ti mọ èròjà yẹn tipẹ́. Ó ti ṣe mí rí. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti kí wọ́n máa tọ́ka sí iṣẹ́ yín, ọ̀nà títò tuntun máa ń wúlò fún ẹni tó ń to nǹkan mìíràn pátápátá. Àmọ́ h-index, òṣùwọ̀n tó ń wo iye ìwé tẹ́ ẹ kọ àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn, ń fẹ́ kí ìwé pọ̀, egbò ló sì ń tètè mú ìwé jáde.

Iná dúró ní láàbù yín, ẹ sì ní ọdún márùn-ún? Ẹ tò ó. Ọdún mẹ́ta, owó àpò yín nìkan? Ẹ lọ wa egbò.