Àfihàn tó mú mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí psoriasis, àìsàn awọ ara tó máa ń yúnni tó sì máa ń hu ìpẹ́, ti ń bá àbúrò mi fínra. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, mo sì ti gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Àfihàn iṣẹ́ ọnà tí mo lọ yìí, irú èyí tí èèyàn ń wọ inú rẹ̀ lọ dípò kó dúró lókèèrè máa wò ó, ló là mí lójú.

Òkùnkùn ni yàrá àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbóhùn bò mí létí. Èékánná tó ń họra ni mo ń gbọ́. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá, ó di kíkankíkan. Iná kékeré tàn sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo rí ìpẹ́ funfun wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ara èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo rántí iye àárọ̀ tí mo ti jágbe mọ́ àbúrò mi pé kò gbọn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, omi sì lé ròrò sójú mi.

Yàrá kejì kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi hàn lára ògiri pé nǹkan bí oṣù kan ni awọ fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀, àmọ́ lára ẹni tó ní psoriasis, ọjọ́ díẹ̀ ni, torí pé àwọn ọmọ ogun inú ara ti ṣìnà. Ni ìpẹ́ bá ń gorí ìpẹ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kì í ràn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ awọ òyìnbó tó pọ́n nìkan ló wà nínú gbogbo àwòrán wọn? Lára adúláwọ̀, ó sábà máa ń ṣókùnkùn tàbí kó rí bí àwọ̀ àlùkò, àwọn dókítà míì kì í sì í tètè dá a mọ̀. Kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró ló kẹ́yìn. Àwòrán èèyàn tó ga tó èèyàn gidi wà lára ògiri. Bí o bá na ọwọ́ kí o lè bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á fa tiwọn sẹ́yìn. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Ní 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n gbógun ti ẹ̀tanú tí àwọn tó ní psoriasis ń rí. Mo ti kà á rí, kò wọ̀ mí lára títí ọwọ́ mi fi dá dúró lófuurufú níbẹ̀.

Mo mú àbúrò mi dání nígbà kejì. Kò wọ yàrá bẹ́ẹ̀dì. Ẹnu ọ̀nà àbájáde ló lọ dúró sí, ó ń wo ojú àwọn tó ń jáde, ó ní ohun tí òun wá wò nìyẹn.