Ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ àbí sitéńlẹ́ẹ̀sì: èwo ni kí ẹni tó ń kó ọ̀bẹ jọ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ọ̀bẹ pamọ́ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, méjì náà lọ̀rọ̀ yín: kẹ́ ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ ọ́ fún yín, tàbí kẹ́ ẹ ra sitéńlẹ́ẹ̀sì tó ti òkèèrè wá. Oríṣi méjèèjì ló wà nílé mi. Gígùn àti ẹwà ò nílò àlàyé, ẹ lójú.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá irin náà ṣeé mú le. Àwọn tó ń tà á máa ń mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Wọ́n á fi kan ọ̀bẹ, kò ní lẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i? Sitéńlẹ́ẹ̀sì ojúlówó, kì í dógùn-ún.” Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ wá. Sitéńlẹ́ẹ̀sì tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí ni. Ẹ yan án nínú iná títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní le. Ti ọ̀bẹ gidi, mágínẹ́ẹ̀tì ń mú un gbágbá. Owó ńlá ni ẹnì kan fi irú èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú yẹn gbà lọ́wọ́ mi, èèkù onígi dúdú tó ń dán. A fi la orí èpìyà tá a rà ní Olúwo. Kí iṣẹ́ tó parí, ojú ọ̀bẹ ti tẹ̀ sápá kan. Bí mo ṣe ń fi èèkánná tọ́ ọ, ó ń kọ́ mi lọ́wọ́. Mo pọ́n ọn, ó mú. Mo fi gé àlùbọ́sà, ó tún kú. Àmọ́ kò dógùn-ún o! Ó wà níbẹ̀ tó ń dán títí dòní.

Sípíríǹgì ọkọ̀ yàtọ̀. Kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀, èròjà tó ń jẹ́ kí irin lè le, sábà máa ń tó nǹkan bí 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó láti le. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á fi iná yan án títí mágínẹ́ẹ̀tì ò fi ní mú un mọ́, á jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, á rì í bọ epo, á sì tún fi iná tí ò pọ̀ yá a kó má baà máa kán. Ẹ fi fáìlì ra ojú ẹ̀: tí fáìlì bá ń yọ̀, ó le.

Ní ti ìdógùn-ún, sitéńlẹ́ẹ̀sì ló borí, pàápàá fún àwa tí à ń gbé létí ọ̀sà. Ẹ máa nu ti alágbẹ̀dẹ, kẹ́ ẹ fi epo pa á, kẹ́ ẹ má sì tọ́jú ẹ̀ sínú àkọ̀ aláwọ. Awọ máa ń fa omi mọ́ra.

Èèkù: kí irin ọ̀bẹ gba inú ẹ̀ dé ìdí.

Orúkọ: òfin ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen, ìlú kan ní Jámánì tó lókìkí fún ọ̀bẹ, láti 1938, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ sára irin burúkú.

Ẹni tí ò ráyè epo àti àkísà, kó ra sitéńlẹ́ẹ̀sì tí mágínẹ́ẹ̀tì ń mú, kò burú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọwọ́ tó rọ ohun tó ń kó jọ, kó wá sípíríǹgì, kó gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ. Kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, torí èyí tó ti ru ẹrù pẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde lè ti sán láìhàn sójú.