Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta "bíréèsì orúnkún ajá" n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin alájá ẹlẹgbẹ́ mi n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó tíránsífà. Ọkùnrin kan ń rìn káàkiri inú àwọn gúrúùpù WhatsApp wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ajá òun ń tiro, kì í pẹ́ tó fi ń bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ní òun ń ta "TPLO brace", ìyẹn ohun tí wọ́n ń dè mọ́ orúnkún ajá kó lè dúró, tó ń bọ̀ tààrà láti Amẹ́ríkà, pé bí ajá bá ti wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣan orúnkún tó já á so padà láìsí iṣẹ́ abẹ. Irọ́ gbuu ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó ń jẹ́ lóṣù yìí kọ́ ló jẹ́ lóṣù tó kọjá. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ológunẹ́rù ló kó sí i lọ́wọ́. Wọ́n ní abo Boerboel kan tó sanra dáadáa (ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀). Ajá náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tẹlẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bó bá jókòó, á na ẹsẹ̀ ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ò gbá a, kò já bọ́ láti ibì kankan. Wọ́n béèrè nínú gúrúùpù, kí wọ́n tó jẹun alẹ́ tán, oníbíréèsì ti dé: "Mọ́mì wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ajá yín á máa fo fẹ́ǹsì." Ó fi fídíò ránṣẹ́, ajá kan tó ń sáré pẹ̀lú bíréèsì lẹ́sẹ̀. Ó wu èèyàn wò. Àfi pé yìnyín funfun báláú ló bo gbogbo ilẹ̀ tí ajá náà ń sáré lórí rẹ̀, ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó mú un dání, oníbíréèsì sì ní Akóbọ̀ lòun ti ya fídíò ọ̀hún.

Fọ́tò ajá nìkan ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kò béèrè ìwọ̀n itan rẹ̀, kò béèrè kílò rẹ̀, kò béèrè bóyá dókítà ẹran ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òun wà ní Challenge. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun á yà síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti kó lọ sí Ring Road. Nígbà tó tún yá, ilé ló ti ń tà á. ₦65,000 ni, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọlọ́kadà tó gbéra. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì sì yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń jẹ́.

Ohun tó wà nínú páálí náà ni kí ẹ wá gbọ́. Aṣọ orúnkún èèyàn ni, irú èyí tí àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn máa ń wọ̀, tí ẹ lè rà ní Dùgbẹ̀ láì ná ìdá mẹ́wàá owó yẹn. Wọ́n gé e kúrú, wọ́n rán okùn méjì mọ́ ọn. Ẹni tó gé lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ò tiẹ̀ gé e tán: "XL" ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìdajì àwòrán ọkùnrin kan tó ń sáré.

Ṣùgbọ́n ibi tó ní kí wọ́n dè é mọ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Ó ní kí wọ́n dè é mọ́ ibi tó ṣẹ́ kọ́rọ́ sẹ́yìn nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ajá. Orúnkún kọ́ nìyẹn! Orúnkún ajá wà lókè, níwájú itan, nítòsí ikùn, ó sì ń tẹ̀ bíi tiwa gan-an. Ibi tó ṣẹ́ sẹ́yìn yẹn, ọrùn ẹsẹ̀ ni, egungun tó yọ ṣóńṣó níbẹ̀ sì ni gìgísẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lórí orúnkún ajá ńkọ́, tí kò mọ ibi tí orúnkún ajá wà?

Kódà ká ní ó gbé e sójú ibi tó yẹ, kò lè ṣiṣẹ́. Itan ajá nípọn lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, aṣọ lásán á kàn máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹ tún wo iṣẹ́ tí iṣan tí à ń sọ yìí ń ṣe. Inú oríkèé orúnkún ló wà, ó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun. Orí egungun ojúgun ajá dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, nítorí náà, bí ajá bá ti fi ìwúwo rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ojúgun á fẹ́ ta síwájú. Iṣan yẹn ló ń dì í mú. Bó bá já, gbogbo ìṣísẹ̀ ni egungun á máa yọ̀ lórí ara wọn, tí wọ́n á máa lọ tìmùtìmù tó wà láàárín wọn, oríkèé á wú, àrùn oríkèé á wọlé. Aṣọ tó ń fà bí ìbọ̀sẹ̀ ò lè dá irú egungun bẹ́ẹ̀ dúró. Bí iṣan náà bá sì ti já pátápátá, kò sí bíréèsì kankan láyé yìí tó ń so ó padà, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta.

Orúkọ tó fún ọjà rẹ̀ gan-an ti tú u fó. Iṣẹ́ abẹ ni TPLO. Dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Barclay Slocum, ló gbé e jáde nínú ìwé ìmọ̀ ní 1993. Wọ́n á gé orí egungun ojúgun, wọ́n á yí i kí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn lè tẹ́, wọ́n á wá fi irin àti sukúrù dè é. Oníbíréèsì kàn rí orúkọ tó dún bí ọ̀rọ̀ dókítà, ó gbé e lé aṣọ orúnkún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè é pé ajá ò tíì tẹsẹ̀, kò jà, kò bínú. Ó ní wọn ò fún un le tó ni, kí wọ́n máa dè é mọ́ ọn tọ̀sán-tòru. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, awọ abẹ́ rẹ̀ ti bó, ó ń ṣomi. Wọ́n tún pè é. Ó ní ìyẹn ló fi hàn pé sáìsì kejì ló yẹ ajá, kí wọ́n fi ₦30,000 kún un, òun á fi "oògùn asoṣan" sí i. Mo rí fọ́tò oògùn náà: diclofenac tiwa tí à ń rà ní kẹ́mísì ni. Ẹ má fún ajá ní diclofenac, ẹ má fún un ní ibuprofen, iye yòówù kó kéré. Ó lè dá ihò sí i nínú ikùn, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí wọn ò sanwó kejì, ó dí nọ́ńbà wọn pa.

Mi ò sọ pé bíréèsì gidi ò sí o. Ó wà, ṣùgbọ́n wọn kì í fi fọ́tò rán an. Dókítà á kọ́kọ́ yẹ ajá wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi báńdéèjì tó ń gan, irú ti P.O.P., mú bátànì ẹsẹ̀ ajá yẹn gan-an, òun ni wọ́n á fi ṣe ike líle sókè àti sísàlẹ̀ orúnkún, pẹ̀lú irin tó ń ká tó ń nà lójú oríkèé. Ajá tó ti darúgbó, tàbí tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò lè gba oorun iṣẹ́ abẹ, ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Àwọn dókítà fúnra wọn ò tíì fẹnu kò lórí bó ṣe ń ṣàǹfààní tó. Egbò abẹ́ rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú wàhálà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, tí wọ́n sì ń yẹ awọ wò. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó á sọ èyí fún yín kó tó gba kọ́bọ̀.

Bí ajá yín bá ń tiro, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ilé ìwòsàn ẹran tó wà ní UI ò jìnnà sí wa. Dókítà á fi ọwọ́ kan di itan mú, á fi ìkejì fa ojúgun síwájú, bó bá ń yọ̀, a jẹ́ pé iṣan ti já. Bí ajá bá ń ran ara, wọ́n lè fún un lábẹ́rẹ́ oorun díẹ̀. X-ray kì í fi iṣan hàn, àmọ́ á fi omi tó ń wú oríkèé àti egungun tó ti ń bàjẹ́ hàn. Àwọn ajá kéékèèké, tí kò tó kílò 15, lè rìn dáadáa padà pẹ̀lú ìsinmi àti oúnjẹ tó dín kù. Àwọn ńláńlá bíi Boerboel àti Rottweiler ni iṣẹ́ abẹ sábà máa ń kàn. Ẹ má sì ti orí ẹsẹ̀ kan gbàgbé èkejì: díẹ̀díẹ̀ ni iṣan yìí ń gbó nínú ajá, lára ọ̀pọ̀ wọn ni ti ẹsẹ̀ kejì ti ń já tẹ̀lé e.

Ajá ẹ̀gbọ́n mi wà lórí okùn báyìí, kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, wọ́n ti dín ẹ̀bà rẹ̀ kù. Wọ́n ń fi owó iṣẹ́ abẹ jọ.

Ẹni tó bá ti sanwó fún ọkùnrin yìí, kó tètè lọ fi ẹjọ́ sun báǹkì rẹ̀, kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp náà rẹ́, kó tọ́jú rìsíìtì, kó sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Ẹni tí ọjà sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, kó tú u kúrò lẹ́sẹ̀ ajá báyìí, kó fi iná wo awọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti bó, ẹ má fi epo pupa sí i. Dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá.