Ọ́fíìsì Housing Benefit káńsù wa: ọdún mẹ́rin, àti lẹ́tà kan

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni lẹ́tà náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, láti ọ́fíìsì Housing Benefit, ìyẹn owó tí káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ níhìn-ín ní London) fi ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò tó san owó ilé. Àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ojú ewé 11 ló wà nínú rẹ̀. Mo ti mọ irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ tipẹ́, n kì í sáré ṣí i. Mo gbé e sórí tábìlì, mo tẹ ẹ̀bà mi, mo jẹ ẹ́ tán, mo fọ abọ́. Ojú ewé kẹta ni mo kà dé tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní mo jẹ káńsù ní £1,120.95. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko, ni owó tí àwọn ń san ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, nínú £142 tó jẹ́ owó ilé mi lọ́sẹ̀, £17.45 péré ni àwọn máa san.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni ọdún 69 ni mí nígbà náà. Owó ìfẹ̀yìntì àti Pension Credit, owó tí ìjọba fi ń kún ti àgbà tí owó rẹ̀ kò tó, ni mo fi ń jẹun. Wọ́n wá ní kí n lọ wá £124.55 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì tún san gbèsè tí n ò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ. N ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ọmọ mi ń hanrun lórí àga gígùn ní pálọ̀, èmi jókòó sí kíṣìnì, mò ń wo ojú ewé kẹta yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí n tó bínú lọ, ó yẹ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Ọdún 2021 ni mo kọ́kọ́ béèrè owó yìí, nígbà tí mo pé 66 tí mo sì fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sílẹ̀, torí orúnkún mi ò gbé e mọ́. Àwọn tí kò tíì tó ọjọ́ orí yẹn, Universal Credit, owó ìrànwọ́ mìíràn láti ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà fún owó ilé, ìyẹn ò kan káńsù. Tàwa àgbà ṣì wà lọ́wọ́ káńsù: ìjọba àpapọ̀ ló ń fún wọn lówó rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń yẹ ìwé wò, tí wọ́n sì ń pinnu iye tó máa kan èèyàn. Mo kó ìwé ilé, páásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà National Insurance àti lẹ́tà Pension Credit lọ bá wọn. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi parí ẹ̀. Wọ́n tún san ti àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá kí n tó béèrè, torí òfin gbà kí ẹni tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì gba tẹ̀yìn tó oṣù mẹ́ta. N ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì ṣe é fún mi láìbéèrè. Mo gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni owó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó ni ilé tí mò ń gbé, kò yẹ̀ rí.

Àfi ìgbà tó di oṣù keje 2024, tí ẹni tó ni ilé tí ọmọ mi háyà fẹ́ ta ilé rẹ̀, tí wọ́n ní kí ọmọ mi kó jáde. Ilé ìtajà kan ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wákàtí 14 péré ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀. Ibo ni yóò lọ? Ó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé mi.

Ọjọ́ kẹta tó dé ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ fún káńsù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: èmi ni mo lọ sọ fún wọn. Bí àgbàlagbà mìíràn bá ń bá èèyàn gbé, káńsù máa ń yọ nínú owó tí wọ́n ń san, torí wọ́n gbà pé ó yẹ kí onítọ̀hún dá sí owó ilé. Iye tí wọ́n ń yọ wà lọ́wọ́ bí owó iṣẹ́ onítọ̀hún bá ṣe tó. Lọ́dún yẹn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 16 lọ́sẹ̀, £19.30 ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ga jù lọ, £124.55. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú payslip márùn-ún ti ọmọ mi, ìwé tó ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ hàn, dání.

Ọmọkùnrin kan ló dá mi lóhùn níbi gíláàsì. Ó wo orúkọ mi lórí kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà." Lẹ́yìn ìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá mi sọ, ọ̀gá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ ya payslip náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ rìsíìtì kan jáde tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò sí i. Bó ṣe ń nà án sí mi láti abẹ́ gíláàsì, ó tún rọ ohùn: "Ìwé yìí, ẹ má sọ ọ́ nù o, mà." Mo fi sẹ́yìn Freedom Pass mi, káàdì tí àwa àgbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, nínú àpò pẹlẹbẹ tí mò ń mú wọ bọ́ọ̀sì.

Lẹ́tà oṣù kẹsàn-án yẹn wá ní n ò mú ẹ̀rí owó iṣẹ́ ọmọ mi wá rárá. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi iye tó ga jù lọ lé mi lórí.

Ọjọ́ Ajé, mo pè wọ́n. Ìṣẹ́jú 47 ni mo fi gbọ́ orin kan náà. Obìnrin tó gbé fóònù ní òun ò rí payslip kankan lórí kọ̀ǹpútà, kí n fi òmíràn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní mo ní rìsíìtì. Ó ní òun ò lè rí rìsíìtì mi látibi tóun wà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ fún yín. Ó ní kò síbi tóun máa kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ fúnra mi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ẹni tí kò bá ti gba àkókò sílẹ̀ kò lè wọlé mọ́. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Mo fi rìsíìtì hàn án, àánú mi ṣe é, ó ní kí n kọjá. Ọmọbìnrin tí mo bá níbi gíláàsì lọ́tẹ̀ yìí kò gbójú sókè. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ní, "Ó wà nínú lẹ́tà." Mo ní lẹ́tà náà ló gbé mi wá. "Ó wà nínú lẹ́tà." Mo na rìsíìtì sí i lábẹ́ gíláàsì. Kò fọwọ́ kàn án. Ẹnu bírò ló fi tì í padà sọ́dọ̀ mi, bí ẹni ń ti nǹkan ìdọ̀tí. "Ó wà nínú lẹ́tà."

Bírò yẹn dùn mí ju owó náà lọ. Ọdún 19 ni mo fi nu ìdí àwọn ìyá àti bàbá ìlú yìí, tí mo fi bọ́ wọn. Mo mọ bí a ti ń bá arúgbó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ sọ́dọ̀ Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tó dá mi lóhùn, òun náà ti dàgbà, kì í gbowó iṣẹ́ níbẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà láti òkè délẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ní payslip lọ́wọ́ láti fi hàn án, kò tilẹ̀ wò ó. Ohun tó bi mí ni pé, "Ẹni ọdún mélòó ni yín?" Mo ní 69. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ tíì yọ kọ́bọ̀ nínú owó mi.

Òfin náà nìyí bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ẹni tó ń gba Housing Benefit bá ti pé 65, tí àgbàlagbà mìíràn wá bá a gbé, wọn kì í yọ nǹkan kan títí ọ̀sẹ̀ 26 yóò fi kọjá. Oṣù mẹ́fà! Ìbáà jẹ́ wákàtí 14 ni ọmọ mi ń ṣe, ìbáà jẹ́ 40, kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló tíì lò. Gbèsè tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn, kò sí i rárá.

Mo padà sílé, mo ka gbogbo ojú ewé 11 náà. Kò síbi kankan tí wọ́n ti dárúkọ ọ̀sẹ̀ 26. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ ìbí mi wà lójú ewé kìíní. Bàbá kan wà ní òkè wa, irú lẹ́tà yìí ló gbà lọ́dún bíi méjì ṣáájú, ló bá ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin kó jáde kí wọ́n má bàa lé òun náà. Ọmọ náà ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kiri fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ 26 fún bàbá yìí, kò fèsì. Ó kàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí àgbà, ta ló yẹ kó mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ọ́fíìsì tó ń lò ó lójoojúmọ́?

Obìnrin Citizens Advice yẹn bá mi kọ ìwé ojú ewé kan. A ní kí wọ́n tún ìpinnu náà yẹ̀ wò, bí wọn ò bá yí i padà, kí wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́, tí wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹjọ́. A fi ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Òyìnbó obìnrin ni, láti ọ́fíìsì kan náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi. Mo pè é, ó pè é tẹ̀ lé mi, kò bọ́ sí i. Ó ní kí n tún un pè, ó tún un pè títí tó fi bọ́ sí i. Ó wá ní, "Àwa la ṣe àṣìṣe. Ẹ ò jẹ wá ní nǹkan kan." Ó ní inú fáìlì ẹlòmíràn ni àwọn payslip náà wọ̀, òun ti rí wọn, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní òun ò rí wọn, ọ̀sẹ̀ 26 yẹn tó. Ó bi mí bóyá ẹgbẹ́ onílé ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti kọ lẹ́tà méjì. Ó ní òun á pè wọ́n fúnra òun láàárọ̀ ọ̀la. Ó tún béèrè bóyá mo ń rówó jẹun láti ìgbà náà. Ìgbà tó béèrè ìyẹn ni mo bú sẹ́kún. Kò pa fóònù. Ó dúró títí mo fi sunkún tán, ó sì fún mi ní nọ́ńbà tí mo lè fi pe òun gan-an.

Ó pe ẹgbẹ́ onílé lóòótọ́. Ọjọ́ kẹrin, owó tó kù ti wọlé sí àkáǹtì wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni lẹ́tà mìíràn tún dé tó ń béèrè £1,120.95. Àyà mi já. Mo pe nọ́ńbà obìnrin náà, ó ní kọ̀ǹpútà ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí òun tó ṣàtúnṣe, kí n fà á ya. Àmọ́ kí ni arúgbó tí kò ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ máa ṣe?

Oṣù kọkànlá ni ọmọ mi rí yàrá kan, ó kó lọ kí ọ̀sẹ̀ 26 tó pé. Mo gba àkókò, mo lọ sọ fún wọn, ọmọkùnrin "Ẹ káàárọ̀ mà" yẹn ni mo bá. Ó rántí mi. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti yanjú ẹ̀ mà?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́ di dandan fóun láti máa tẹ rìsíìtì fún èèyàn, òun fúnra òun ló ń ṣe é. Ọjọ́ kejì ni wọ́n parí ìyẹn, lẹ́tà ojú ewé méjì péré.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọ mi ní 1 ló yẹ wọ́n, ó bínú sí mi lórí ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń sùn nínú ilé tó móoru, tí owó ìfẹ̀yìntì mi kò lè san, àwọn ni wọ́n sì ń san án. Mi ò lè kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Ẹni tí irú lẹ́tà yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, oṣù kan lẹ ní láti fi dá wọn lóhùn, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fẹnu sọ ọ́ lórí fóònù. Bí ẹ bá sì ti pé 65, ẹ kọ ọjọ́ orí yín sí ìlà àkọ́kọ́.