Ìwé ìkànìyàn Írẹ́lándì ti 1901 àti 1911 lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àgbéyẹ̀wò ẹni tó fi wá ìdílé ọkọ rẹ̀

Ìkànnì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ibi tí National Archives, ilé ìkówèépamọ́ ìjọba Írẹ́lándì, kó àwọn fọ́ọ̀mù ìkànìyàn 1901 àti 1911 sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀, wọn kò sì ní béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì yín. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba Kánádà ló bá wọn lọ́wọ́ sí iṣẹ́ àtigbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ Írẹ́lándì tó rékọjá sí ọ̀hún pọ̀ jọjọ.

Dundalk ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n Mayo, ní ìwọ̀-oòrùn, ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ilé ìwé ní kí ọmọ wa obìnrin kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìhà tèmi kò le rárá. Mo pe bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àti oríkì látẹnu títí ọmọ fi ní ìwé òun ti kún. Ìyá ọkọ mi náà sọ èyí tí wọ́n mọ̀, àmọ́ ó dé ibì kan ó dúró. Wọ́n mọ orúkọ ìyá wọn àgbà, wọ́n mọ abúlé, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kan lọ sí Skọ́tlándì, pé ẹnì kan lọ sí Kánádà nígbà Ìyàn Ńlá. Ta ni wọ́n? Ìgbà wo ni wọ́n lọ? Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi lọ nínú ilé yẹn, wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Láti 1821 ni wọ́n ti ń ka ènìyàn ní Írẹ́lándì ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ti 1901 ni àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù lódindi. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ba fọ́ọ̀mù 1861 àti 1871 jẹ́. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n di bébà mìíràn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ti 1821 títí dé 1851, iná tó jó Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá ní Dublin tí wọ́n kó ìwé ìjọba pamọ́ sí, ní June 1922, nígbà ogun abẹ́lé, ló jó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá baba ńlá tó sá fún ìyàn 1845 sí 1852 kò ní bá a níbí. Àwọn tó dúró sílé, pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, ló máa bá.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ìtàn ìdílé ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ mi lóṣooṣù, àwòrán fọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n sì ń fi hàn án. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún èyí.

Àpótí ìwárí wà tí ẹ lè kọ orúkọ sí, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Ní Mayo, ilé márùn-ún tó tẹ̀ léra lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà. Ẹlòmíràn ti gé O’ kúrò níwájú orúkọ rẹ̀ ní 1901, ó sì ti dá a padà ní 1911. Bridget lè di Biddy, ó sì lè di Delia. Àwọn ọlọ́pàá ló ń pín fọ́ọ̀mù láti ilé dé ilé nígbà yẹn. Níbi tí baálé ilé kò bá ti mọ̀ ọ́n kọ, ọlọ́pàá á bá a kọ ọ́, baálé á sì fi àmì X sí ìdí rẹ̀. Bí etí ọlọ́pàá bá ṣe gbọ́ orúkọ ni yóò ṣe kọ ọ́.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ gba ti ilẹ̀ wọlé. Ẹ yan county, ẹ yan àgbègbè ìdìbò, kí ẹ wá yan townland, ìyẹn abúlé tàbí ilẹ̀ oko tó ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ sì máa ka ilé kọ̀ọ̀kan. Abúlé tiwa kò ju ilé méjìlá lọ, mo sì ka gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn aládùúgbò ló jẹ́ kó dá mi lójú pé mo ti débi tí mò ń lọ: ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí nínú ìwé ìgbéyàwó wọn ti 1885 ló ń gbé ilé kejì. Ìwé ìgbéyàwó yẹn náà kò gba owó. Irishgenealogy.ie ni mo ti rí i, ìkànnì ìjọba tó ń fi ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú àtijọ́ hàn.

Síbẹ̀, orúkọ kọ́ ló mú mi fẹ́ràn ìkànìyàn yìí. Àwọn òpó tó tẹ̀ lé orúkọ lórí fọ́ọ̀mù ni.

Ní 1911, wọ́n bi àwọn abilékọ ní ìbéèrè mẹ́ta tí kò sí ní 1901: ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ṣègbéyàwó, ọmọ mélòó lẹ bí láàyè, mélòó ló ṣì wà láyé? Ìdáhùn ìyá àgbà ìyá ọkọ mi rèé: ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọmọ mẹ́sàn-án, méje. Mo wá wo àwọn ọmọ tó sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mẹ́ta péré ni. Méjì ti kú nìyẹn, mẹ́rin sì ń bẹ láyé tí wọn ò sí nílé. Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ ọ rí pé ìyá àgbà wọn sin ọmọ méjì. Nígbà tí mo ka á fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un kà. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó sì nira fún mi láti máa wo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá kọ sínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ká ní wọn ò kà wọ́n ni, àwọn méjì yẹn ì bá ti pòórá láì sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wá sáyé.

Òpó èdè náà wà. Ní 1901, ìyá baálé ilé tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ń sọ èdè Irish nìkan. Baálé àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ Irish àti Gẹ̀ẹ́sì. Níwájú orúkọ àwọn ọmọ, òpó náà ṣófo, èyí tó túmọ̀ sí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́. Ìran mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan, ìyá àgbà kò sì lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ bó ṣe fẹ́. Ohun tó fà á kò farasin: ọmọ tí ẹ mọ̀ pé yóò bá ọkọ̀ ojú omi lọ lọ́la, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi ránṣẹ́. Èmi náà ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti èdè mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rí òpó òfìfo yẹn ni mo ti ní kí bàbá mi máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Baba baálé jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún ní 1901, ó sì di mẹ́rìnléláàádọ́rin ní 1911! Báyìí ló rí nílé púpọ̀. Láti January 1909 ni ìjọba ti ń fún arúgbó tó pé àádọ́rin ọdún ní owó ìfẹ̀yìntì, tó lè tó ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ọdún 1864 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí gbogbo ọmọ sílẹ̀, nítorí náà arúgbó ìgbà yẹn kò ní ìwé ìbí tó máa mú wá. Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí nínú ilé tó ní yàrá méjì tí wọ́n fi koríko bò, ṣílè márùn-ún kì í ṣe owó kékeré. Bí mo ṣe mọ̀ nípa yàrá àti òrùlé nìyí: fọ́ọ̀mù mìíràn wà tó ń ṣàpèjúwe ilé, fèrèsé iwájú rẹ̀, ilé màlúù àti ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má fo ìyẹn.

Ibi tí ìkànìyàn náà pin sí ni ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ Sunday, 31 March 1901, tàbí Sunday, 2 April 1911, ni wọ́n kọ. Àwọn mẹ́rin tí kò sí nílé, ẹ gbọ́dọ̀ wá wọn lọ. Méjì nínú tiwa ni mo rí nínú ìwé ìkànìyàn Skọ́tlándì ti 1911, níbi tí wọ́n ti ń gba owó kí ẹ tó rí àwòrán ìwé. Nígbà yẹn, lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ Mayo àti Donegal ń rékọjá síbẹ̀ lọ wa ànàmọ́. Ní 14 June 1894, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọ̀dọ́ Achill, erékùṣù kan ní Mayo, lọ bá ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé wọn lọ sí Skọ́tlándì dojú dé ní Clew Bay, méjìlélọ́gbọ̀n nínú wọn sì kú. Ìyá ọkọ mi mọ ìtàn yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara wọn.

Ní ti ẹni tó lọ sí Kánádà, àkójọ ọ̀fẹ́ tí ilé ìkówèépamọ́ ìjọba Kánádà ṣe nípa Grosse Île ni kí ẹ lò. Erékùṣù kan ni nínú odò St. Lawrence, níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn tó wọkọ̀ wá dúró fún àyẹ̀wò àìsàn láti 1832 sí 1937. Nígbà tí ọkọ̀ Syria dé ní May 1847, ibà typhus ti wà nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì tò tẹ̀ lé e. Ó ju 5,000 ènìyàn lọ tí wọ́n sin sí erékùṣù yẹn lọ́dún kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó di aláìlóbìí, àwọn ìdílé tó ń sọ Faransé ní Quebec ló gbà wọ́n tọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ́ orúkọ Írẹ́lándì wọn lọ. Ẹ má rí orúkọ kan kí ẹ sọ pé ti yín ni. Ẹ wo ọjọ́ orí, ẹ wo ọkọ̀, ẹ wo ibi tó ti gbéra.

Dundalk tí a ń gbé yìí ni wọ́n bí Leopold McClintock sí ní 1819, ẹni tó wọ inú yìnyín àríwá lọ wá ikọ̀ Franklin, àwọn atukọ̀ ojú omi ìjọba Bírítéènì tó sọnù níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà ojú omi gba àríwá Kánádà kọjá. Francis Crozier tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Terror nínú ikọ̀ yẹn, ọmọ Banbridge ni, ìlú rẹ̀ sì gbé ère rẹ̀ ró pẹ̀lú béárì funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní 25 April 1848 ni Crozier fọwọ́ sí ìwé tó sọ pé wọ́n ti fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ sínú yìnyín. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìyẹn gan-an, ọkọ̀ Jeanie Johnston gbéra ní Blennerville, ní Kerry, ó ń gbé 193 ènìyàn lọ sí Quebec. Àwọn wọ̀nyẹn náà rìnrìn àjò sí ilẹ̀ òtútù, tọmọtọmọ, láì sí ẹni tó fún wọn ní ipò ọ̀gágun. Irú ìdílé tiwọn ni ìkànìyàn yìí wà fún, ìdí sì nìyí tí mo fi ń yìn ín fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ẹ fi kọ̀ǹpútà lò ó, ojú fóònù kéré fún irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán fọ́ọ̀mù gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú rẹ̀ nìkan, torí ẹni tó bá ń ka ìkọ̀wé ọlọ́pàá àtijọ́ lè ka n sí u. Kò sí ìkànìyàn ní 1921 nítorí ogun òmìnira. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ní 18 April 1926, òfin sì ní kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di ti gbogbo ayé. Nínú ìyẹn ni èmi àti ìyá ọkọ mi fẹ́ wo àwọn mẹ́rin yẹn, bóyá ẹnì kan nínú wọn tilẹ̀ padà wálé.