Ilé Ìwòsàn Kan ní Yábàá fún Àwọn Ọ̀dọ́kùnrin tí Próstéètì Ń Kó Ìpayà Bá

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú àbúrò mi, ọmọ ọdún 29 tí ìtọ̀ ń ta tí abẹ́ ikùn sì ń dùn, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábàá yẹ fún ìyìn. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà á nítorí pé jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin) ló pa bàbá wa, ṣùgbọ́n dókítà ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ próstéètì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 40, àti pé wíwú próstéètì, èyí tí kòkòrò àrùn lè fà, ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́.

Ìtọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì wá àrùn ìbálòpọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kò sáré gba owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tí ń wọn èròjà kan tí próstéètì ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé iye PSA a máa lọ sókè bí próstéètì bá wú tàbí bí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìbálòpọ̀, ìyẹn sì lè kó jìnnìjìnnì bá ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ rárá. Dókítà ní kí ó padà wá fún PSA bí ó bá pé 40, nítorí ti bàbá wa. Wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ó lò ó tán, kí ó má sì mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń polówó nínú dáńfó mọ́ ọn.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé níwájú gbogbo èrò ni akọ̀wé ti ń béèrè ohun tí ó ń ṣe aláìsàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó má ṣe tọ̀ fún bíi wákàtí kan ṣáájú, kí àyẹ̀wò ìtọ̀ lè péye.