Àyẹ̀wò: Sísún Ìmúdójúìwọ̀n Windows Síwájú ní Ọ́fíìsì Kékeré

Ohun méjì péré ni iléeṣẹ́ kékeré ń fẹ́ lọ́dọ̀ Windows Update: kí ìmúdójúìwọ̀n má ṣe dá iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án gangan, kí ó má sì ba ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jẹ́. Inú Windows fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà tí a fi lè sún un síwájú wà. Lẹ́yìn tí mo ti lo àwọn ọ̀nà náà ní ọ́fíìsì tí kò ní òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ẹ̀rọ, èrò mi ni pé èyí tó hàn sí gbogbo ènìyàn kò dára tó, èyí tó fara pamọ́ ló yẹ kí a lò.

Èyí tó hàn ni bọ́tìnì Pause tó wà nínú Settings, tó ń dá ìmúdójúìwọ̀n dúró fún ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa rántí rẹ̀. Bí àkókò náà bá sì ti pé, Windows kò ní gbà kí a tún dá a dúró àfi bí a bá kọ́kọ́ gba gbogbo èyí tó ti kóra jọ. Active hours kò ní wàhálà ní tirẹ̀: a lè yan tó wákàtí 18 lójúmọ́ tí kọ̀ǹpútà kò ní fi pa ara rẹ̀ láti tún tàn.

Inú Group Policy, ibi tí a ti ń fi òfin lélẹ̀ fún bí Windows yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, ni èyí tó fara pamọ́ wà. Níbẹ̀ ni a ti lè ya oríṣi ìmúdójúìwọ̀n méjì sọ́tọ̀: ti oṣooṣù, tó ń dí ihò tí àwọn ọ̀daràn lè gbà wọlé, ṣeé sún síwájú títí di ọjọ́ 30, èyí tó ń gbé ẹ̀dà Windows tuntun wá ṣeé sún títí di ọjọ́ 365. Bí a bá kọ 7 síbẹ̀ fún ti oṣooṣù, ohun tí Microsoft ń gbé jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù yóò máa dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ní ìtumọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ìmúdójúìwọ̀n oṣù náà mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan dákú bí a bá ti ní kí wọ́n tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé ni Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Ẹ̀dà tuntun ti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó pa fáìlì àwọn ènìyàn kan rẹ́, wọ́n sì ní láti fà á sẹ́yìn títí di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo gbogbo ọjọ́ 30 náà, áńbọ̀sìbọ́sí kí ó pa Windows Update pátápátá, bí àwọn kan ti ń ṣe. WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó, tó jà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, gba ihò kan wọlé tí Microsoft ti dí láti oṣù Kẹta. Ẹni tó sún àtúnṣe náà síwájú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni ó kó sí wàhálà.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Windows Home, ẹ̀dà tó wà fún ìlò ilé, kò ní Group Policy rárá, nítorí náà ẹni tó ra kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú yóò ní láti sanwó kún un kí ó tó di Windows Pro, ẹ̀dà tó wà fún iṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa ṣètò àwọn kọ̀ǹpútà náà bí kò bá sí ẹ̀rọ kan tó ń ṣàkóso gbogbo wọn, èyí sì máa ń gba àkókò. Lẹ́yìn náà, Settings yóò máa sọ fún òṣìṣẹ́ pé iléeṣẹ́ ló ń darí àwọn ètò kan, àwọn mìíràn á sì rò pé ẹnì kan ń ṣọ́ wọn.

Bí mo ṣe ń ṣètò rẹ̀ nìyí: kọ̀ǹpútà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ lè dúró fún wákàtí díẹ̀ ń gba ìmúdójúìwọ̀n lọ́jọ́ tó bá jáde, àwọn yòókù ń gbà á lẹ́yìn ọjọ́ 7, èyí tó ní ìwé ìṣirò owó nínú sì ń dúró fún ọjọ́ 14.